Agbádá Ètù Tó Bí Fìlà Méje

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sọ́mọ tí ojú rẹ̀ mú tó tèmi ní gbogbo Ìgbó-Ọrà. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà, ẹ ó rántí àwọn obìnrin tó máa ń ru abọ́ tánganran wọ̀lú, tí wọ́n ń fi í gba aṣọ àlòkù. Bí wọ́n bá ti ń lu abọ́ bọ̀ báyìí, àwọn ìyá wa á ti máa tú àpótí.

Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi wà lóko, ìyá mi fa ẹrù aṣọ kan yọ nísàlẹ̀ àpótí, ó fi gba abọ́ olódòdó mẹ́ta. Èmi ni mo ru aṣọ náà jáde. Ètù ni, tòun ti ṣòkòtò rẹ̀; wọ́n fi òwú pupa rán ihò kan lára aṣọ náà. Ìyá mi ní kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá tá a jẹ nínú abọ́ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà dùn dé eegun. Bàbá mi pàápàá yin abọ́. Ẹni tó bá fi yanrìn fọ̀ ọ́, pàṣán ni.

Lásìkò yẹn, wọ́n ti mú bàbá mi pé òun ni yóò jẹ baálé agboolé wa tá a bá kórè ẹ̀gúsí tán. Aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ nílé wa, agbádá bàbá bàbá mi. Ìyá mi, ará Ìdèrè, kò rí i rí, torí látìgbà tó ti wọlé ọkọ, ẹnìkan ò tíì jẹ baálé.

Kó tó dọjọ́ náà, bàbá mi mú mi lọ sí Ìbàdàn, ká lọ wá táyà kẹ̀kẹ́ lọ́jà àlòkù. Háà! Bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan, rédíò tí kò nínú, ẹ̀wù òkìrìkà tí òórùn kàfúrà rẹ̀ ń ta ni nímú, gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí fìlà ètù kan tó ní òwú pupa lórí. Mo nàka sí i.

"Bàbá, aṣọ tí Ìyá fi gba abọ́ nìyẹn."

Ó ti gbọ́wọ́ sókè láti gbá mi létí pé kí n yé nàka. Ó wo fìlà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè.

Ọlọ́jà rò pé oníbàárà dé, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ dé e wò, Bàbá. Agbádá ńlá kan ló bí fìlà méje. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ nìyí."

Bàbá mi ní, "Iná tábà bàbá mi ló jó ibẹ̀ yẹn. Ìyá mi ló rán an. Aṣọ bàbá mi ni."

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá, kò sáṣọ kan níbí tí kì í ṣe ti bàbá ẹnìkan."

Owó táyà la fi ra fìlà. A gba ọ̀nà Èrúwà padà sílé. Nígbà tí ìyá mi gbóúnjẹ wá, bàbá mi gbé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó sọ aṣọ tó jẹ́ fún un. Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ìyá Àkàndé, dìde. Aṣọ bàbá mi la ti ń fi jẹun."

Fìlà yẹn àti bùbá lásán ló fi jẹ baálé. Àwọn àgbà ilé wò ó, wọ́n sì wo ilẹ̀.

Láyé ìsinsìnyí, orí fóònù làwọn ọmọ mi ti ń ra òkìrìkà. Wọ́n á kó o sọ́rùn, wọn ò ní bèèrè pé ta ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ojú wọn ò mú bíi tèmi. Èmi a máa yẹ ojú rírán rẹ̀ wò. Fìlà náà ló wà lórí mi báyìí. Ohun tó lọ nìyí: agbádá kan, ṣòkòtò kan, fìlà mẹ́fà, abọ́ mẹ́ta tó ti jò.