Iwin Tí Kì Í Purọ́

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham, ìyá àgbà kan dì mọ́ mi. Wọ́n ní, "Kú àsẹ̀yìndè màmá ẹ o. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn."

Mo rò pé wọ́n fi mí pe ẹlòmíràn ni. Mo ní, "Mummy, màmá tèmi wà láàyè o, ní Ìwó."

Ọwọ́ wọn bọ́ lára mi. Wọ́n wo ọkọ mi tó dúró níbi bàtà. Òun náà wolẹ̀.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti sin màmá mi. Ọkọ mi mọ̀. Ó tiẹ̀ ti ní kí àlùfáà ṣàdúà fún wọn lọ́jọ́ tí mi ò wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà mọ̀, ẹni tí mò ń pè lójoojúmọ́, tó ń sọ fún mi pé "Mummy ń sùn," "Mummy ń wẹ̀." Wọ́n ní torí pé mo lóyún oṣù méje ni.

Mi ò bá ọkọ mi wọlé. Orí àtẹ̀gùn ni ìyá arúgbó ará Ireland tí flat wọn kọjú sí tiwa ti rí mi tí mò ń sunkún, wọ́n bá fà mí wọlé, wọ́n po tíì fún mi. Nígbà tí mo rò ó tán, wọ́n mi orí.

"Nílé tiwa, ẹnikẹ́ni ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Báńṣì ò ní gbà."

"Kí ló ń jẹ́ báńṣì?"

Wọ́n ní obìnrin iwin kan ni, tó máa ń tẹ̀ lé àwọn ìdílé kan láti ìran dé ìran. Bí ikú bá ń bọ̀ nílé wọn, á tú irun sílẹ̀, á máa pohùnréré ẹkún lẹ́yìn ilé. Kì í pààyàn. Ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni. Ìyá wọn gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá wọn lọ pẹja tí kò padà. "Ẹ̀rù bà wá gan-an, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tàn wá."

Mo jowú wọn. Iwin lásán ń ké fún wọn, ẹ̀gbọ́n tí a jọ mu ọmú kan náà ní kí n má gbọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ fún Mummy ní fóònù."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, wọ́n ti..."

"Ibo lẹ sin wọ́n sí?"

Ó ní, "Àánú ẹ ló ṣe wá."

Mo ní, "Ẹ̀yin sun ẹkún tiyín. Ẹ gba tèmi lọ́wọ́ mi."

Mo bímọ láyọ̀. Ọkọ mi bẹ̀ mí títí, mo ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n títí di òní, tó bá ti sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan, ẹlòmíràn ni mo máa ń pè láti bèèrè.