Iye Tí Wọ́n Fagi Lé

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, fíríìjì ńlá náà jẹ́ 260,000 náírà.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àbúrò ìyá mi ló ń lẹ iye owó mọ́ ọjà ní ilé ìtajà tó ń tà á, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí kò tíì wá iṣẹ́ kankan fún mi. Tí Àǹtí bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á máa ṣí gọ́ọ̀mù kúrò lórí ìka, wọ́n á sì máa sọ iye tí ohun gbogbo jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n lẹ 340,000 mọ́ fíríìjì kan náà, kí wọ́n sì tì í sí ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, níbi tí oníbàárà kì í dé. Òfin ní iye tí a bá fẹ́ fagi lé gbọ́dọ̀ ti wà lára ọjà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ilé ìtajà náà pa òfin mọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Àǹtí fi bírò pupa fagi lé 340,000, wọ́n kọ 255,000 sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tì í padà sí ẹnu ọ̀nà. Sìkìọ́ríìtì bi wọ́n bóyá àìsàn ló ṣe fíríìjì náà tó fi sanra lójijì tó tún rù. Àǹtí fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún wa nílé.

Ọkọ wọn, Bọ̀dá, ń tún aago ṣe. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lójoojúmọ́ kò sì gbọdọ̀ gbóná. Inú fíríìjì aládùúgbò wa lókè ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí, aládùúgbò náà sì ń kó lọ ní ìparí oṣù. Nítorí náà àpòòwé méjì wà nínú àpótí Àǹtí: 200,000 fún fíríìjì kékeré, 60,000 fún abẹ́rẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Fíríìjì kékeré wà ní ilé ìtajà náà ní 190,000. Páálí iye owó funfun ló wà lára rẹ̀, iye rẹ̀ kò sì yí padà láti èṣí. Páálí abẹ́rẹ́ kan àti ike omi kan péré ni a ń wá ààyè fún.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ọkùnrin mẹ́ta gbé fíríìjì ńlá wọlé. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn kó tó gba ẹnu ọ̀nà kọjá. A gbé tábìlì iṣẹ́ Bọ̀dá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó ráàyè dúró.

Bọ̀dá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n béèrè iye tí wọ́n rà á.

"Mo jèrè 85,000 lórí ẹ̀," ni Àǹtí wí.

"O kú iṣẹ́. Ibo ni 85,000 náà wà? Gbé e wá, ká fi ra abẹ́rẹ́."

Àǹtí ṣí àpòòwé kejì. 5,000 ló kù nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí páálí tí fíríìjì bá wá, wọ́n ń wo owó náà bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ ẹlòmíràn lé lọ́wọ́.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àwọn àgbà ní. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkìlọ̀ ogun náà ló pa nílé wa, èyí ni kò sì yé mi. Mo bi Àǹtí, láìgbé ohùn sókè, ta ló lẹ 340,000. Wọ́n ní àwọn ni. Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni rà á ní iye yẹn rí. Wọ́n ní rárá, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ ló wà. Mo ní kí ló wá dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Wọ́n ní ilé ìtajà kò gé kọ́bọ̀ kúrò lórí fíríìjì kékeré, pé rírà á dà bí ìyà. Wọ́n ní bí àwọn kò bá tètè ra fíríìjì ńlá, yóò padà sí 340,000.

"Ta ni yóò dá a padà?"

"Èmi náà ni. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi ń nu eruku lára ẹ̀, tí mò ń rí 340 yẹn. Kò yé mi, ọmọ mi. Ó di 340 lójú mi."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Mo mọ orúkọ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń pe ohun tó ṣe wọ́n, orúkọ náà kò sì lè ra abẹ́rẹ́. Mo mú bírò, mo ṣírò ó títí. N kò rí ibi tí 85,000 gbà wọlé, n kò rí ibi tó gbà jáde.

Lọ́jọ́ kejì Àǹtí lọ bẹ ọ̀gá pé kí ó gbà á padà. Ọ̀gá nawọ́ sí páálí kan lára ògiri: ọjà ẹ̀dínwó kò ní ìdápadà. Àǹtí náà ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló kù, owó oṣù sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìdajì. Ní ọjọ́ keje tí wọ́n ti ń gún ìdajì, wọ́n tẹ̀ ba lórí aago oníbàárà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò rí eyín irin róbótó inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n bá wọn kà á. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Àǹtí wà níbi iṣẹ́, wọ́n ń lẹ iye tuntun mọ́ àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, lọ sí ilé ìtajà tí o ti ń rajà. Dúró níwájú iye kan tí wọ́n fagi lé. Béèrè orúkọ ẹnì kan, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo, tó san iye náà rí. Má kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi dárúkọ rẹ̀.