Èèpo Ahùn Inú Ṣágo

Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni ní Olówógbowó, ọ̀dọ̀ Memunat ló ń gbà lọ. Àgbo èèpo igi ahùn rẹ̀ korò débi pé àwọn mìíràn á ní ara àwọn ti yá, kí wọ́n má baà mu ife kejì.

Lọ́dún 1994, Àkàndé tó ń kó èèpo ahùn wá fún un láti Ìjẹ̀bú gbé àpò tó fẹ́lẹ́ dé.

"Àlàájà, igi ti ń tán. Wọ́n bó èèpo ara wọn títí wọ́n fi kú."

"Ta ló bó wọn?"

"Èmi ni."

Oorun dá lójú Memunat. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Lùkúmọ̀n, tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì, wá kí i, ó rojọ́ fún un. Lùkúmọ̀n ní ohun tíntìntín kan bí ìwúkàrà ń gbé inú èèpo yẹn, ó ṣeé ṣe kóun náà mọ oje kíkorò yẹn ṣe. Béèyàn bá ń fún un ní ṣúgà, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan igi mọ́.

"Á máa jẹ ṣúgà, á máa ṣu oògùn?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ báyẹn fáwọn oníbàárà."

Torí pé iná ò dúró ní yunifásítì, ó po ohun náà mọ́ omi ṣúgà sínú ṣágo kan, ó gbé e sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi òwú dí i lẹ́nu láìfún un, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè máa jáde. Òórùn rẹ̀ ò bá Tìjání, ọkọ Memunat, lára mu. Ó yọ òwú, ó fi ìdérí dè é pinpin.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí Àáfà ṣe ń ṣàdúrà fún gbogbo wọn lọ́wọ́ ní pálọ̀, ṣágo bú gbàù. Àfọ́kù rẹ̀ ò kan ẹnikẹ́ni, àmọ́ omi rẹ̀ rin Àáfà látorí dé ẹsẹ̀. Ó nu ẹnu.

"Ó korò," ló wí.

Lùkúmọ̀n dìde fùú. "Ṣé lóòótọ́ ni, Àáfà?"

Ó kó èyí tó kù lọ fún àyẹ̀wò. Oje náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Memunat kọ̀ láti tà á nígbà tí wọn ò tíì mọ ohun tó lè ṣe fún aláìsàn. Ó ń ta ewé dóńgóyárò, tó máa ń tún rú, ó sì ní kí Àkàndé máa gbin ahùn.

Lọ́dún 1998, Lùkúmọ̀n mú un lọ wo ìkòkò irin ńlá ní yunifásítì, tó ń yí omi ṣúgà táwọn ohun tíntìntín náà ń gbé po. Memunat kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Lùkúmọ̀n wẹ̀yìn. "Ta lẹ̀ ń kí?"

"Àwọn tó wà nínú ìkòkò."