Oríkì Tí Mo Fi Ti Kọ̀ǹpútà Pa

Òórùn ike tó gbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí nípa kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó wọ agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí mo bá ti tàn án báyìí, á máa kùn, kò sì ní í pẹ́ tí òórùn náà á fi gba pálọ̀ kan, á dà pọ̀ mọ́ ti ẹja gbígbẹ tí ìyá mi ń tà ní ọjà Sandgrouse. Kò sẹ́ni tó máa wọlé tí kò ní í béèrè ohun tí à ń sè. Lọ́yà tí mo ń bá tẹ̀wé ní Igbosere ló ra tuntun, tó ní kí n máa gbé ògbólógbòó yẹn lọ sílé. Inú mi dùn débi pé àdìrẹ ìyá mi ni mo fi ń bò ó, bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tuntun.

Iṣẹ́ gidi kan sì wà tí mo fẹ́ fi ṣe. Bàbá mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò lè kọ̀wé mọ́. Ìwé kan sì wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ràn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ó fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú kí òun tó lọ sí Mẹ́kà. Ó ní ẹni tó ń lọ sí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó, á máa sọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá sọ ohun tó dùn, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò gbádùn bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí ìwé yìí ni mo ṣe fi pásíwọ́ọ̀dù sí i, ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó ṣí. Ṣé o mọ bí agboolé ṣe rí. Kò sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, ẹni tó bá tì í, wọ́n á ní ó ń dá ẹran jẹ ni. Mo ronú títí, mo wá fi oríkì mi ṣe é: Àjíkẹ́. Ó dá mi lójú pé mo gbọ́n.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàbá mi gbéra, mo tan ẹ̀rọ láàárọ̀ Sọ́ńdè kan, ìwé kò ṣí. Àwọn lẹ́tà kàn ń já bọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n gbọn igi àgbálùmọ̀. Bàbá mi béèrè ohun tó dé, mo ní kò sí nǹkan kan. Ogójì ojú ìwé! Ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Bísímílà?

Mo sáré lọ bá ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Adéníji Adélé. Mo ní kí n lọ gbé e wá, ó kọ̀. “Àǹtí, ẹ jẹ́ kó wà nílé,” ló wí. “Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ yín lọ síbi tí ojú yín ò tó, ẹ ṣọ́ ọ.” Ó tẹ̀lé mi, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí bàbá mi. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó bi mí bóyá mo ní ẹ̀dà ìwé náà níbòmíràn. Mo ní mi ò ní. Ó wá ní kí n rọra sọ pásíwọ́ọ̀dù sí òun létí, kí ẹlòmíràn má gbọ́. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ láti sọ ọ́ ni ohùn ìyá mi ti dún láti ẹ̀yìnkùlé: “Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ o! Wá bá mi sọ igbá yìí!”

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń ránṣọ níwájú ilé, tó sì ti gbọ́ ohun tí à ń sọ, yọjú wọlé, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá ẹ ti bá ọ sọ ọ́ tán,” ló wí.

Gbogbo wa yíjú sí i. Mo ní, “Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n?”

“Ṣé nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń pè ọ́ láàárọ̀ lálẹ́ nínú ilé yìí ni?”

Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Lọ́sàn-án, nígbà tí mo bá wà ní Igbosere, Bàbá Kékeré á pa máṣínnì ìránṣọ tì, á wá ta káàdì nínú kọ̀ǹpútà mi. Ní Sátidé, oníbàárà rẹ̀ kan yá a ní dísíkẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó nǹkan inú kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, tí wọ́n ní eré tuntun wà nínú rẹ̀, ó sì tì í bọ inú ẹ̀rọ. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú náà ní àrùn kọ̀ǹpútà, èyí tó ń ba ìwé inú ẹ̀rọ jẹ́, ló bá a wọlé. “Wàláì, mi ò mọ̀ pé àrùn wà lára ẹ̀,” ni Bàbá Kékeré ń wí, ó ń wo ilẹ̀. Ẹni tó tó bàbá mi, kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Oníkọ̀ǹpútà ló rí i bá a sọ. Ó ní, “Bàbá, dísíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò mọ ibi tó sùn, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín.”

Ó ṣe é títí dìgbà ìrun ọ̀sán. Ó ní ẹ̀rọ ti mọ́, ṣùgbọ́n ìwé ti lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún bàbá mi, mo sì bú sẹ́kún. Kò bínú. Ó kàn na ọwọ́ síwájú, ó ń wá orí mi láti gbé ọwọ́ lé, mo sì rí i pé ó rẹ̀ ẹ́. Ìyá mi wọlé bá wa bẹ́ẹ̀, ó ní ta ló kú. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó wò mí bí ẹni wo ọ̀dẹ̀.

“Èwo ló wá wà nínú báàgì mi?”

Ó tú báàgì ọjà rẹ̀, ó tú ọ̀rá méjì, ó mú dísíkẹ́ẹ̀tì kan jáde. Mo ti gbàgbé pátápátá! Ó ti yọ mí lẹ́nu nígbà kan pé kí n fún òun ní nǹkan tí òun á máa fi han àwọn ẹgbẹ́ òun ní Sandgrouse, mo sì da ìwé náà kọ sí èyí kí n lè sinmi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé e láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tó ń ní, “Ìwé ọkọ mi ló wà nínú ibí yìí.” Ìyá mi kò mọ̀wé kà o.

Oníkọ̀ǹpútà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn wà lára rẹ̀, ó wá ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ló pé, àfi orí méjì tó gbẹ̀yìn. Mo fò sókè, Bàbá Kékeré ń jó, bàbá mi ní òun kò tilẹ̀ fẹ́ràn bí òun ṣe sọ méjèèjì yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó tún wọn sọ, ó fi ẹ̀kẹta kún un, nípa ọkọ tí kò mọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń yìn ín lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé náà jáde kí bàbá mi tó lọ sí Mẹ́kà, ó sì lọ, ó bọ̀. Mo yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Bàbá Kékeré fi gbìyànjú oríkì gbogbo ará ilé, kò rí i ṣí.

Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti kún ilé gbogbo, àwọn èèyàn máa ń bi mí bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo tiwọn. Mo máa ń sọ ohun tí ọkùnrin Ìjẹ̀bú yẹn kọ́ mi fún wọn: ẹ má lo orúkọ tí wọ́n ń pè yín, ẹ má gba ohun àjèjì wọlé, ẹ fi ẹ̀dà kan síta. Bí wọ́n bá wá béèrè ọwọ́ ẹni tí wọ́n á fi ẹ̀dà náà sí, mo máa ń ní kí wọ́n wá ẹni tó ń fi wọ́n yangàn. Ìyẹn kò ní í gbàgbé rẹ̀ síbì kankan.