Irin Tí Wọ́n Fà Tu Lẹ́yìn Ilé Ọlọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú má baà bẹ́ mọ́ mi. Àpọ̀kẹ́ ọmọ Ògúnkọ̀yà kò bọ irin rí láyé rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ wa, èmi Honorine ni mo sì bá a di aṣọ rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n báyìí, kò sì pa ìsìn jẹ àfi lọ́sẹ̀ tó bá bímọ. Òótọ́ ni pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ó sì bọ Ògún títí tó fi kú. Ṣé Àpọ̀kẹ́ ló yan bàbá fún ara rẹ̀ ni? Bàbá tèmi náà ní ojúbọ lẹ́yìn ilé, kò sẹ́ni tó fi bú mi rí, torí pé èmi kì í bá àwọn àgbà jiyàn.

Àpọ̀kẹ́ máa ń jiyàn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀ nílé ọlọ àgbàdo wa, ẹni tó wà lójú títì Glei fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá ẹgbẹ́ obìnrin wa di ẹ̀rọ ọlọ náà mú. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ pọ̀n wọlé sídìí ẹ̀rọ. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá tutù, o máa dúró síta kó gbẹ. Ó lé ìyàwó olóyè sẹ́yìn ìlà rí, ó ní àgbàdo kì í mọ ìyàwó olóyè. Nítorí náà, àwọn tó ń wá ọjọ́ tí wọ́n máa rí i mú kò kéré.

Nígbà tí iná dé abúlé wa, a ta ẹ̀rọ tó ń mu gáàsì, a sì ra èyí tó ń lo iná. Antoine oníṣẹ́ iná ló wá láti Atakpamé wá so ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó mọṣẹ́, kì í sì í kánjú. Ó kan àpótí funfun kan mọ́ ògiri, ó ní orúkọ rẹ̀ ni dijontẹ̀. Ó fi òmíràn tó kéré sí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ṣọ́ bí agbára iná ṣe ń lọ sókè sódò kí mọ́tò má baà jó. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sẹ́yìn ilé, ó gbá ọ̀pá irin kan tó ga ju èèyàn lọ wọlẹ̀, ó ku díẹ̀ tó yọ sókè, ó sì fi wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè so ó pọ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ. Gbogbo wa rò pé ó ti parí. Àpọ̀kẹ́ nìkan ló bi í léèrè, ó pè é ní Fòfó bí a ti ń pe ọkùnrin tí a bá bọ̀wọ̀ fún.

“Fòfó, kí ni irin yẹn ń ṣe nínú ilẹ̀?”

“Tàǹtí, ọ̀nà ni,” Antoine dá a lóhùn. “Tí wáyà kan bá bó nínú mọ́tò, iná á bọ́ sára irin ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, iná á gbé e. Ṣùgbọ́n tí ọ̀nà yìí bá wà, iná á gba ibẹ̀ wọlẹ̀, dijontẹ̀ á rí i pé iná ń sá lọ, á sì gé e kíá. Tí ẹ bá yọ irin náà, dijontẹ̀ á kàn máa wò ni. Kò ní í rí nǹkan kan, torí iná tó ń gba ara èèyàn kọjá kéré jù fún un.”

“Yoo, mo gbọ́. Kí ni tèmi níbẹ̀?”

“Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á gbẹ, ọ̀nà náà á sì dí. Kí ẹ máa da omi sídìí irin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Garawa kan tó.”

Ohun tó sọ nìyẹn. Mo wà níbẹ̀, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, Àpọ̀kẹ́ á gbé garawa omi lọ sẹ́yìn ilé ọlọ láràárọ̀ Sátidé, á dà á sídìí irin, á sì padà wá ṣílẹ̀kùn fáwọn oníbàárà. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é, ẹnì kan kò sọ pé kí ló dé.

Ọyẹ́ ọdún tó kọjá ni wàhálà dé. Dijontẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀rọ á lọ àgbàdo agbọ̀n méjì, á kú. Àpọ̀kẹ́ á gbé e sókè, á tún já. Àwọn obìnrin ń kùn, agbọ̀n kún ẹnu ọ̀nà, ọmọ ń sunkún nílé. Àpọ̀kẹ́ ní, “Ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn, àpótí ló ń sọ fún wa. Ẹ jẹ́ ká pe Antoine.” Mẹ̀tírì Gérard kò gbà. Gérard ni alága ìgbìmọ̀ abúlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, alàgbà sì ni nínú ìjọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Mẹ̀tírì títí di òní. Ó ní àpótí Antoine ni kò dáa, ó ní òun ti kọ́ ọmọ iléèwé ní ẹ̀kọ́ iná mànàmáná fún ogún ọdún, kò sí ohun tí Antoine fẹ́ wá kọ́ òun. Ẹ gbọ́ mi, bébà ló fi kọ́ wọn. Kò di wáyà kan mú rí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Mẹ̀tírì ń lọ sóko, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ọlọ kọjá. Ó rí Àpọ̀kẹ́ ọmọ Ògúnkọ̀yà tó tẹ̀ ba, tó ń da omi sórí irin tó yọ láti inú ilẹ̀. Ó dúró, ó wò ó tán, kò bi í ní nǹkan kan. Àbí kí ni ìbá ná an kó béèrè? Ọ̀rọ̀ kan péré! Dípò bẹ́ẹ̀, ó padà sílé, ó lu agogo ìpàdé.

Ní ìpàdé, ó ní òun ti mọ ohun tó ń pa iná ilé ọlọ. Ó ní Ògún ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, níkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí gbogbo ìjọ gbàdúrà lé lórí. Àpọ̀kẹ́ dìde. Ó ṣàlàyé bí Antoine ṣe ṣàlàyé fún un, láìfi ohun kan pe méjì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Omi fún irin? Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni?” Àpọ̀kẹ́ wá kọjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn.

“Honorine, ìwọ náà gbọ́ ọ. Sọ fún wọn.”

Mo ní mi ò rántí dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ bínú. Inú tí mò ń bí sí ara mi ju tiyín lọ. Mẹ̀tírì ló sìn mí fọ́kọ, ọmọ mi méjì ló kọ́ níwèé, ojú rẹ̀ le sí mi lọ́jọ́ náà, ẹnu mi sì kú. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé kí wọ́n yọ irin náà nawọ́. Ọwọ́ mi wà lára àwọn ọwọ́ tó lọ sókè.

Wọ́n gé wáyà rẹ̀, wọ́n fi okùn àti igi fa irin tu pẹ̀lú orin ìyìn. Mẹ̀tírì tún ẹ̀rọ tàn fúnra rẹ̀. Ó lọ àgbàdo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò já lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, kò já. Lọ́sẹ̀ náà, kò já. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ! Ohun tí Antoine sọ gan-an ló ṣẹlẹ̀, dijontẹ̀ kò rí nǹkan kan mọ́, iná ń jókòó sára irin ẹ̀rọ, àwọn kan sì dìde wọ́n ń jó níwájú pẹpẹ pé Ọlọ́run ti ṣẹ́gun. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé ọlọ lọ́wọ́ Àpọ̀kẹ́, wọ́n fún Inès, ọmọ àbúrò Mẹ̀tírì. Ọmọbìnrin ogún ọdún ni, ó lójú àánú, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, ó sì máa ń jẹ́ kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù.

Àpọ̀kẹ́ kò sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ rárá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ẹ̀rọ máa pa ẹnì kan. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. “Ẹ má fọwọ́ kan irin rẹ̀. Ẹ wọ bàtà onírọ́bà. Ẹ sọ fún Inès.” Wọ́n ní ìlara ni. Ó lọ bá Inès fúnra rẹ̀, Inès sì gbà pé ẹ̀rọ máa ń ta òun lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèrà bá ń jẹni, ṣùgbọ́n Bàbá Mẹ̀tírì ní mọ́tò oníná ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àpọ̀kẹ́ wọkọ̀ lọ sí Atakpamé, wọ́n ní Antoine wà ní Elavagnon, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ńlá kan. Nígbà tó padà dé, ó pè é lórí fóònù. Antoine pariwo débi pé àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ ọ.

“Tàǹtí, ẹ já dijontẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí! Ẹ ti ilé yẹn pa! Oṣù kan ló kù fún mi níbí, màá wá. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn kí n tó dé!”

Àpọ̀kẹ́ gbé fóònù náà lọ fún Mẹ̀tírì. Mẹ̀tírì kò gbà á. Ó ní òun kì í bá ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ọmọ Ògúnkọ̀yà sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sídé tó tẹ̀ lé e ni Inès ń fọ ẹ̀rọ. Wọ́n ti lọ àgbàdo rírẹ tán, omi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ti bọ́ bàtà. Kò pa iná. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ẹ̀rọ mú, ọwọ́ náà kò sì tú mọ́. Àwọn obìnrin ń ké, wọ́n ń sá. Àpọ̀kẹ́ wà nílé rẹ̀ tó kángun sí ibẹ̀. Ó gbé ọmọ odó, ó sáré wọlé, ó fi na ọwọ́ dijontẹ̀ wálẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ náà. Òun nìkan ló mọ ohun tó yẹ kí a ṣe, àwa yòókù ń pe Jésù. Inès ti kú. Ẹbí ní ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ béèrè ohun tó dá ọkàn náà dúró.

Mo rò pé ojú wọn á là. Ẹ wò ó, mo rò bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà mẹ́rin dé bá èmi àti Àpọ̀kẹ́ nílé rẹ̀, wọ́n fa àgbò lọ́wọ́. Mẹ̀tírì ló ṣáájú wọn. Mẹ̀tírì alàgbà! Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, mi ò lè sọ pé ẹkún rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ó ní àwọn ti mọ̀ báyìí pé Ògún ló bínú nítorí irin rẹ̀ tí wọ́n fà tu, ó sì mú Inès lọ. Ó ní kí Àpọ̀kẹ́ bá àwọn bẹ bàbá rẹ̀ nílé ayérayé, kó bá àwọn pa àgbò náà sójú ihò tí wọ́n ti fa irin tu, kí ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Nígbà tí Àpọ̀kẹ́ máa fọhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mi ò dá a mọ̀.

“Mẹ̀tírì, ẹ dìde nílẹ̀. Ògún kò mọ Inès. Ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ fa àgbò yín lọ, kí ẹ sì pe Antoine.”

Wọ́n bínú lọ. Wọ́n wá ẹlòmíràn tó pa àgbò náà fún wọn, ẹ̀jẹ̀ wọ inú ihò, wọ́n sì kéde pé ilé ọlọ máa ṣí ní Mọ́ńdè. Kò sẹ́ni tó gbá irin kankan wọlẹ̀. Ìyá Inès gan-an wà lára àwọn tó ń rẹ àgbàdo sílẹ̀ dè é.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè náà, kí oníbàárà kankan tó dé, Àpọ̀kẹ́ wọ ilé ọlọ tí wọn ò tì mọ́ láti ọjọ́ ikú Inès, ó já dijontẹ̀ sílẹ̀, ó gun àkàsọ̀, ó sì fi pẹ́ńsì gé wáyà tó lọ sídìí mọ́tò. Kì í ṣe ojú kan ló ti gé e. Ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ láti òkè ògiri dé ìsàlẹ̀, ó kó o sínú agbọ̀n, ó sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n. Mẹ̀tírì pe àwọn jàndámù, àwọn ọlọ́pàá ìlú wa, wọ́n mú Àpọ̀kẹ́ lọ sí àgọ́ wọn, mo sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá wọn jẹ́ èèyàn pẹ̀lẹ́. Ó fún Àpọ̀kẹ́ ní àga, ó mú bíró, ó ní, “Ìyá, wọ́n ní ẹ ba ohun ìní abúlé jẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ gé e?”

“Èmi ni mo gé e. Tí wọ́n bá so ó láìsí irin nílẹ̀, màá tún gé e.”

“Ẹ̀yin nìkan ni?”

Àpọ̀kẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ wo apá ibi tí mo wà.

Mẹ̀tírì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wò mí gẹ́gẹ́ bó ṣe wò mí ní ìpàdé. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì.

“Irọ́ ló ń pa, ọ̀gá,” mo ní. “Èmi ni mo di àkàsọ̀ mú. Honorine ni orúkọ mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì rántí gbogbo ohun tí Antoine sọ.”