Agogo Mẹ́sàn-án fún Wàídì Òòlù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìkòsí níbí, níṣojú èrò, pẹ̀lú agogo lọ́wọ́ mi. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀ bóyá kí n máa rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n máa fojú pamọ́.

Ẹ ti gbọ́ pé Wàídì Òòlù kú. Bí ẹ ò bá gbọ́, á jẹ́ pé ẹ kì í ṣe ará Kétu. Wàídì ni akànṣẹ́ tó gba bẹ́líìtì wálé fún wa. Kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, aláàárù ni ní Mile 12, ó ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì látinú tírélà. Ibẹ̀ ló ti rí èjìká tó ní.

Èmi kì í ṣe akànṣẹ́ o. Páátì ọkọ̀ ni mo ń tà ní Òwòdé Onírin, ẹnikẹ́ni ò sì gbá mi létí rí lẹ́yìn ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí nípa ìjà ẹ̀ṣẹ́! Gbogbo ìjà Wàídì ni mo wò, mo tún padà wò wọ́n lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló fi ń dọdẹ, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń pa. Mo mọ̀ pé kó tó ju ẹ̀ṣẹ́ ńlá, ó máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ilẹ̀ wò, bí ẹni tó ń dán afárá onígi wò. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbé e ṣubú láyé ẹ̀. Rẹfirí kà á dé mẹ́sàn-án, ó dìde, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo dá ọmọkùnrin yẹn padà sílé.

Ìdí nìyẹn táwọn ará viewing centre wa, níbi tí a ti máa ń wo bọ́ọ̀lù àti ìjà, fi ń pè mí ní Prof. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, ṣùgbọ́n mo ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé kan la gbọ́ pé àìsàn tó ń ṣe é ti mú un lọ. Kíá, gbogbo wa ti pé sí viewing centre. Ẹ ò rí i bí ikú ṣe ń bí ọ̀rẹ́ fún òkú! Ẹnì kan tí Wàídì kàn tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ rí ní ilé epo ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ làwọn jọ jẹ́. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Mo rán wọn létí pé ó bọ̀ mí lọ́wọ́ rí, ọwọ́ ọ̀tún.

Àlájì Sùlè, tó jẹ́ Chairman ẹgbẹ́ àwa olólùfẹ́ Òòlù, ní ká ṣe T-shirt tí a máa wọ̀ lọ síbi òkú. Ó dára. Àwòrán wo la máa lò? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Wọ́n ní ká lo èyí tó ti na ọwọ́ òsì sókè. Mo ní láéláé, ọwọ́ ọ̀tún ló fi borí lọ́jọ́ yẹn, a ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ òkú lórí aṣọ. A jiyàn, a wo fídíò, a tún jiyàn. Nígbà tí a fi máa fẹnu kò sórí èyí tó na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ti kírun àìlà, wọ́n ti sin Wàídì.

Chairman wa yanu sílẹ̀. Ó ń bèèrè pé ṣé kò ní sí lying-in-state, kí èrò tò wá wo òkú, ni. Ẹ gbọ́ o, Àlájì ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀! Ẹni tó ti lọ Mẹ́kà dé kò rántí pé òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀.

Ó dùn mí wọ egungun. Ọkùnrin tó múnú wa dùn tó báyẹn, kò sẹ́nì kankan nínú àwa tí a ń pariwo orúkọ ẹ̀ tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Mo bá pinnu pé níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ, a gbọ́dọ̀ fún un ní ìdágbére tó yẹ akànṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní lè wo fídíò ẹ̀ mọ́.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé káàkiri àgbáyé, bí akànṣẹ́ bá kú, agogo ni wọ́n fi ń sìn ín lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n máa lù ú, díẹ̀díẹ̀, gbogbo èrò á wà lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó máa wúkọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí láàárín wọn. Chairman mi orí, ó ní Prof, ọjọ́ wo lo máa kú ká lè yọ ọpọlọ ẹ tà?

Agogo wá dà? Èyí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ò ju ti Mummy Grace lọ, ajíhìnrere tó máa ń jí wa ní ìdájí. Ọ̀rọ̀ yìí sì ku díẹ̀ káàtó, torí àwa kan náà la lọ fẹjọ́ wọn sun àwọn landlord pé wọn ò jẹ́ ká sùn. Èmi gan-an ni mo ṣàlàyé fún àwọn landlord bí ariwo ṣe ń pa èèyàn lára. Nígbà tí èmi àti Chairman dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mummy Grace, wọ́n wò wá títí.

"Ẹ ní mò ń fi agogo jí yín lójú oorun," wọ́n ní. "Ẹ wá fẹ́ fi jí òkú?"

A bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní agogo àwọn kì í dá rìn, àwọn máa bá a lọ.

Bí a ṣe gúnlẹ̀ síbi fìdáù nílé ìyá Wàídì nìyẹn: àwọn ààfáà lábẹ́ kánọ́pì, àwa olólùfẹ́ láìsí T-shirt nítorí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ò tíì ṣe tán, àti ajíhìnrere kan tó gbé agogo lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Ààfáà àgbà rọra bi mí pé ṣé kì í ṣe ohun ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Mo ní rárá, ti ojú ìjà ni. Wọ́n wo Mummy Grace, wọ́n wo agogo, wọ́n ní Ọlọ́run á gbọ́ ti gbogbo wa.

Lẹ́yìn àdúà, Chairman kéde Prof, wọ́n gbé máìkì fún mi. Mo ṣàlàyé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bó ṣe pẹ́ tó. Iwájú mi gan-an ni ìyá Wàídì jókòó sí, Alhaja tó ń ta ata gbígbẹ ní Mile 12, orí wọn tẹ̀ sílẹ̀.

Mo lu agogo lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo èrò dìde, àfi Alhaja. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ọlọ́kadà tó ń kọjá pàápàá pa ẹ̀rọ ẹ̀. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Inú mi dùn débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún. Nígbà tó di ìkẹfà, Alhaja gbórí sókè. Ní ìkeje, mo rí i pé ètè wọn ń mì. Mo rò pé àdúà ni. Wọ́n ń kà á ni o. Bí ìkẹsàn-án ṣe dún, wọ́n di àga mú, wọ́n dìde.

"Ó tó."

Ọwọ́ mi wà lókè.

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú," wọ́n ní. "Mo dijú, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ní mẹ́sàn-án, ó dìde. Wọn ò ka ọmọ mi dé mẹ́wàá rí, Prof. Ta ló rán ẹ pé kó o wá bá wọn kà á parí nínú ilé mi?"

Mo lanu. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe irú kíkà yẹn, pé nílùú òyìnbó... Mo rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Èmi tí mo mọ ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ilẹ̀! Èmi tí mo máa ń fi mẹ́sàn-án yẹn yangàn káàkiri! Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnì kan wà tí kíkà yẹn ò tíì kúrò létí ẹ̀.

Mummy Grace ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n wá síwájú, wọ́n rọra gba agogo lọ́wọ́ mi, wọ́n sì di ahọ́n ẹ̀ mú kó má baà dún bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ. Àwọn ìyá méjèèjì wo ara wọn. Alhaja wá jókòó padà, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún àlejò, kí wọ́n fi ẹran kún ti Prof, torí ó ti ṣiṣẹ́.

Ojú tì mí láti fọwọ́ kan ẹran yẹn. Mo jẹ ẹ́ ṣá.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tí Chairman fi ń sọ káàkiri pé mẹ́sàn-án ni agogo akànṣẹ́ tí wọn ò kà dé mẹ́wàá rí, pé Prof ló ṣèwádìí ẹ̀. Wọ́n ti gbà á gbọ́ dé Ọ̀jọ́tà! T-shirt náà ti dé. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ yí àwòrán sódì, ọwọ́ òsì ló wà lókè. Mi ò jiyàn. Mo wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò gùn: kéèyàn tó lọ ṣàlàyé ọ̀fọ̀ fún ọlọ́fọ̀, kó kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́. Gbogbo ìdáhùn ayé ló wà lọ́wọ́ mi, ìbéèrè kan yẹn ni mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbé ìmọ̀ yín lọ kí ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀ rí, tí wọ́n fi ẹran lé e lórí dá a padà fún yín? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kó má jẹ́ pé èmi nìkan lojú ń tì.

Ní tèmi, Mummy Grace ò tíì dáwọ́ agogo ìdájí dúró, mi ò sì fẹjọ́ sùn mọ́. Màá dùbúlẹ̀, màá máa kà á. Bó bá ti di mẹ́sàn-án, màá dìde.