Fọ́tò Tó Sọ Ìyá Gbígbóná Di Ìyàwó Apànìyàn

Ẹ gbé fóònù yẹn kúrò níwájú mi. Mo ti rí i. Gbogbo ayé ló ti rí i: obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín, tí ọkùnrin yẹn dúró tì í bíi tọkọtaya. Ẹ ní ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ta ló sọ fún yín? Ta nínú yín ló débi ìgbéyàwó wọn? Ṣíọ̀! Ẹnu ayé lẹbọ, àwọn àgbà ò purọ́. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ mi ni obìnrin náà ti kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì, ìdí ààrò kan náà la jọ ń làágùn sí. Ẹ jókòó, kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé búrẹ́dì wa, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì gbé ẹrù kékeré kan lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, òun á ṣe é. Mo wò ó láti òkè délẹ̀, mo ní, "Ìwọ tó rí tín-ín-rín báyìí? Àpò fúláwà á gbé ẹ ṣubú." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá gbé mi ṣubú, màá kúkú fi ṣe ìrọ̀rí, màá sùn díẹ̀." Ẹ̀rín pa mí. Bó ṣe di tiwa nìyẹn.

Ohùn rẹ̀ ni àdúgbò fi ń mọ̀ pé búrẹ́dì ti jáde. Bí a bá ti fa páànù yọ báyìí, á yọrí lójú fèrèsé, á figbe ta: "Gbígbóná rè é o! Ẹni tó bá fẹ́ tútù, kó dúró dọ̀la!" Kò pẹ́ tí kò fi sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó di Ìyá Gbígbóná. Ọmọ tó pọ̀n wá náà dàgbà láàárín wa, òun náà di Gbígbóná Kékeré. Ọmọ yẹn ti mọ fúláwà á pò kó tó mọ ìwé kà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bí mo bá fajú ro nídìí iṣẹ́, á ní, "Màmá Àgbà, kí ló dé? Ṣé búrẹ́dì bú yín ni?" Màá ju ẹ̀kúnwọ́ fúláwà lù ú, á sá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Gbígbóná Kékeré bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ búláòsì tuntun, ó ní òun ń bọ̀ báyìí. Báyìí náà la ń retí.

A wá a, a ò rí i. A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọmọ tó ti tó ilé ọkọ í lọ ni, pé bí ọkùnrin náà bá sú u, á padà wálé. Àdúgbò náà ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: ṣebí ó wọ búláòsì tuntun? Ọkùnrin ni, kí ló tún kù? Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á máa dun ìyá ọmọ. Rárá o. Èmi ló ń dùn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbá obìnrin kan létí torí ẹ̀, òun ló dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin ló bá lọ, ó wà láàyè nìyẹn. Kó máa gbádùn ọkọ ẹ̀. Kó tiẹ̀ gbàgbé mi." Ẹnìkan fi òwe tù ú nínú pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ó wo onítọ̀hún tìyanutìyanu. Ó ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, ọmọ tiẹ̀ ò nù rí."

Ibi tí ayàwòrán ti wọ ọ̀rọ̀ náà rè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé búrẹ́dì wa. Kò sẹ́ni tí kò tíì ya fọ́tò lọ́dọ̀ rẹ̀: ti ìwé ẹ̀rí, ti ọmọ tuntun, ti ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Á fi ìka kan gbé àgbọ̀n ẹni sókè díẹ̀, á ní, "Ẹ rọra mí." Búrẹ́dì wa ló fi ń ṣínu láràárọ̀. A ò rí obìnrin nílé rẹ̀ rí, a sì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé kámẹ́rà ló gbé níyàwó.

Òun ló wá bá ìyá ọmọ, tó sọ fún un pé òun rí Gbígbóná Kékeré lọ́jọ́ náà níbùdókọ̀, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó bá a gbé báàgì, pé ńṣe lọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Gbígbóná dì mọ́ ọn lójú títì, ó ń sunkún ayọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń sùn, òun náà ló fi ń jí. Ayàwòrán yìí náà ló tẹ fọ́tò ọmọ náà sórí bébà, ó kọ "Ẹ bá wa wá a" sí i gàdàgbà, kò gba nǹkan kan. Ó tún ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó bá ìyá ọmọ káàkiri láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìyá ń lẹ bébà, ọkùnrin ń di abọ́ gọ́ọ̀mù mú fún un. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, gọ́ọ̀mù ta sí ọkùnrin náà nímú, ó ṣojú bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín, ni Ìyá Gbígbóná bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tọ́mọ ti nù. Oníbàárà wa kan tó ń kọjá lọ yà wọ́n, ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i: "Ìyá Gbígbóná, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe rẹwà tó tẹ́ ẹ bá rẹ́rìn-ín." Inú rere ló fi ṣe é. Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ yín yẹn náà ni.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá mú ayàwòrán. Búrẹ́dì wà nínú ààrò. Ọkọ̀ ọlọ́pàá dí títì, wọ́n mú un jáde pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wolẹ̀ jẹ́ẹ́. A rò pé wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án ni. Ìyá Gbígbóná ti bọ́ sí títì pẹ̀lú fúláwà lọ́wọ́, ó ń bẹ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé èèyàn dáadáa ni, pé òun lè dúró fún un. Ẹ gbọ́ mi? Ó ní òun lè dúró fún un!

Àwọn tó gbé ṣọ́bìrì ti wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn sáré jáde, ó ń bì sẹ́bàá gọ́tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkú jáde nínú ọ̀rá dúdú. Wọ́n gbé ọ̀kan, wọ́n gbé òmíràn, wọ́n tún padà wọlé. Yéè! Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ pé ó lè jẹ́ ẹni tí mò ń kí ní ẹ káàárọ̀ lójoojúmọ́. Ọwọ́ tó ń gbé àgbọ̀n wa sókè! Òórùn ìjóná gba gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó rántí fa páànù yọ. Ìyá Gbígbóná ò ké, kò sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tún sọ: "Ẹ̀gbọ́n, òun ló ní òun rí i. Òun ló ní òun rí i níbùdókọ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo ayé ti di adájọ́. Wọ́n ní oníṣekúṣe ni gbogbo àwọn tó kú, pé ọmọ gidi á wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ẹni tí kò rí ìyá ayàwòrán sójú rí ní ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Wọ́n ní kò lè dá a ṣe, obìnrin kan ní láti wà ńbẹ̀ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ. Wọ́n ń wá ìyàwó fún un lójú méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti ń wá a kiri ni fọ́tò yẹn ti bọ́ síta. Mi ò mọ ọ̀bàyéjẹ́ tó gé e. Ó gé ògiri dànù, ó gé bébà ọmọ dànù, ó gé abọ́ gọ́ọ̀mù dànù. Ó ku ẹ̀rín nìkan.

Ó parí. Wọ́n sọ òkúta lu fèrèsé wa. Oníbàárà tó ti ń jẹ búrẹ́dì wa láti kékeré wá ń béèrè ohun tá a fi ń ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mi ò ní fẹnu mi tún un sọ. Ọ̀gá wa ní kí Ìyá Gbígbóná lọ sinmi nílé ná. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin náà gba ìsọkúsọ yìí gbọ́ ni?" Ó ní òun ò gbà á gbọ́, àmọ́ àwọn tó ń ra búrẹ́dì gbà á gbọ́. Mo pe ọ̀gá ní ojo sójú ẹ̀. Kó lé mi bó bá wù ú.

Wọ́n wá kéde pé kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá nù wá sí ilé ìwòsàn tí wọ́n kó àwọn òkú náà sí. Ìyá Gbígbóná wá kàn mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lọ. A máa débẹ̀, wọ́n á ní kò sí níbẹ̀, a ó padà wálé. Ó lè jẹ́ lóòótọ́ ló rí i níbùdókọ̀. Òpùrọ́ náà máa ń sọ òótọ́ nígbà míì, àbí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kí ni kí n sọ?

Èrò ti kún ẹnu géètì: ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àwọn tó nù. A ò tíì rí ibi dúró sí tí obìnrin kan fi pariwo: "Ìyàwó ẹ̀ rè é! Ìyàwó apànìyàn rè é!" Ó já gèlè kúrò lórí rẹ̀, ó tutọ́ sí i lójú. "Ọmọ mi dà? Níbo lẹ gbé e sí?" Àwọn yòókù rọ́ lù wá. Mo kó sáàárín, mò ń ti wọn, mò ń ké pé, "Orí yín ò pé! Ìyá ọmọ ni! Ọmọ tiẹ̀ náà nù!"

"Irọ́! Ìyá ọmọ wo ló ń bá apànìyàn rẹ́rìn-ín?"

Mo fa bébà tó ní fọ́tò ọmọ náà yọ láti inú báàgì, mo nà án sí wọn. Ọkùnrin kan gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní, "Ẹ wo orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nísàlẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ fún un, kí wọ́n lè fi bojú." Mo wò ó. Òótọ́ ni, orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Gbígbóná ò tilẹ̀ wò wọ́n. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn.

Ilẹ̀kùn náà ṣí. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bẹ̀ wá pé ká dákẹ́. Ó ní ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú náà ò ṣeé dá mọ̀ mọ́, pé àmì ara ni òun máa sọ, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáhùn. Ó ní ọ̀kan wà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gé. Bàbá arúgbó kan wó lulẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán, wọ́n gbé e wọlé. Nọ́ọ̀sì ò tíì parí. Ó ní, "Ọ̀kan tún wà, ọ̀dọ́bìnrin ni. Àpá iná wà nínú apá rẹ̀ méjèèjì, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà, ọ̀kan lórí èkejì, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́."

Gbogbo àwa tá à ń tọwọ́ bọ ààrò la ní àpá yẹn. Etí páànù ló máa ń jó wa, kò sí bí a ṣe lè fa búrẹ́dì yọ kó má kan wá.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nọ́ọ̀sì tún un sọ. Ìyá Gbígbóná yíjú sí mi. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí pé kí n sọ. Ó fẹ́ kí n ní ilé búrẹ́dì pọ̀ láyé, ká máa lọ sílé. Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wo apá tèmi.

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láàárín èrò, ó yí inú apá rẹ̀ síta kí nọ́ọ̀sì lè rí i. Ó ní, "Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Àwọn èrò gbà mí gbọ́ wàyí. Ohun tí mo ti ń pariwo látàárọ̀, tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, wọ́n gbà á gbọ́. Háà, Olúwa! Ká ní wọ́n lè máa pè é ní ìyàwó apànìyàn títí ayé, kí Gbígbóná Kékeré sì máa rẹ́rìn-ín nílé ọkùnrin kan níbì kan, ǹ bá dúró ní géètì yẹn kí wọ́n máa tutọ́ sí èmi náà lójú.

Obìnrin tó já gèlè rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, tó ṣà á nílẹ̀. Ó gbọn eruku rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Gbígbóná ò gba gèlè. Apá aṣọ rẹ̀ ṣì wà ní kíká. Ó ní, "Ẹ dìde lọ́nà, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ọmọ mi."